Wúrà Tó Wà Nínú Ike Gàrí Mi

Wúrà tí kì í ṣe tèmi wà nínú ike gàrí mi. Ó tán, mo ti sọ ọ́. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi dáadáa, torí àwọn kan ládùúgbò wa ń ka page yìí, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n máa kà tí wọ́n á ti mọ̀ pé èmi ni. Ẹ̀yin tí ẹ máa kà á, mo mọ̀ pé àwọn kan máa bú mi... ẹ bú mi, mo gbà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bú mi tán, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ohun tó yẹ kí n ṣe fún mi, torí Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ tú ẹ̀rọ mílì wa lójú gbogbo èèyàn. Bí mi ò bá wá nǹkan ṣe kó tó di Sátidé, wọ́n máa fìyà jẹ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, èmi ni mo sì máa dúró síbẹ̀ tí mo máa máa wò ó.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èmi àti ọkọ mi ní mílì kan tí a fi ń lọ òkúta wúrà, lẹ́yìn Ìrókò níbí, mi ò ní dárúkọ abúlé. Àwọn tó ń wa kòtò nínú oko máa ń kó òkúta wá nínú àpò, a ó bá wọn lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun, a ó wá fi omi darí ìyẹ̀fun yẹn gba orí kápẹ́ẹ̀tì tí a tẹ́ sórí pákó tó dagẹ̀rẹ̀. Wúrà wúwo, irun kápẹ́ẹ̀tì á gbá a mú, iyanrìn á bá omi lọ. Ọkọ mi ló ń da òkúta sínú ẹ̀rọ. Èmi ni mo ń fọ ìyẹ̀fun lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, pé èmi ni mo ń fọ̀ ọ́, èmi ni wúrà ń gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ni ín.

Ẹ̀rọ yẹn dà bí dúrọ́ọ̀mù ńlá tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Irin róbótó róbótó ló wà nínú ẹ̀, tí dúrọ́ọ̀mù bá ń yí, àwọn irin yẹn á máa já lu òkúta. Tẹ́lẹ̀, ìyà ló fi ń jẹ wá. Àpò kan péré, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kanrí, dísẹ́ẹ̀lì á ti fẹ́ẹ̀ tán, tí a bá sì tú u síta, á ṣì máa rí hàràhàrà bí gàrí tí wọn ò kù. Òkúta tí kò bá sì kúnná, wúrà inú ẹ̀ ò ní jáde, inú òkúta náà ló máa wà tí yóò fi bá omi lọ. Àwọn oníbàárà ti ń gbé àpò wọn lọ síbòmíràn. Ọkọ mi ò sùn dáadáa mọ́ nígbà yẹn, ó kàn máa ń jókòó tí á máa wo ẹ̀rọ bí ẹni tí ẹ̀rọ ṣẹ̀.

Ìgbà yẹn ló mú Wẹ́lídà wá láti Adégbayì. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ irin, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ká máa sá òkúta sóòrùn kó gbẹ kó tó wọnú ẹ̀rọ. Ó ní ká máa fi òòlù fọ́ ọ kó kéré tó ekùrọ́, ká yéé ju òkúta ńláńlá sínú. Ó kó irin kéékèèké mọ́ ńláńlá tó wà níbẹ̀, ó ní ńlá ló ń fọ́, kékeré ló ń lọ̀ ọ́ kúnná. Ó ní ká má kún ẹ̀rọ dé ọrùn, kí irin lè ráyè já bọ́. Èyí tí asẹ́ bá gbé dúró, ká dá a padà sínú ẹ̀rọ. Ó wá to irin pẹlẹbẹ sí inú dúrọ́ọ̀mù yípo, ó fi nọ́ọ̀tì dè wọ́n mọ́ ọn, ó ní àwọn ni á máa gbé irin róbótó lọ sókè kó tó jábọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ṣiṣẹ́! Ohun tí a ń fi odidi àárọ̀ lọ̀, kí n tó jẹun òwúrọ̀ tán ó ti jáde, ó kúnná bí èlùbọ́. Àwọn oníbàárà tó ti lọ padà wá. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé nídìí iṣẹ́, èmi náà ń yangàn fáwọn èèyàn pé mílì wa ò lẹ́gbẹ́.

Ohun kan wà tí Wẹ́lídà tún yí padà, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin obìnrin fetí sí. Ẹ mọ̀ pé tí èèyàn bá lọ ata tán, kò ní gbé abọ́ ẹ̀ kúrò láì ní kí wọ́n da omi sí ẹ̀rọ kí wọ́n ṣan án fún òun? Ìyá mi ní ẹ̀rọ ata ní Moniya, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, mo ti rí àwọn ìyàwó ilé tó fẹ́ jà nítorí omi ṣíṣan yẹn, torí wọ́n mọ̀ pé ata àwọn ṣì kù nínú ẹ̀rọ, ẹni tó kàn ló máa gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ náà la ń ṣe ní mílì wa tẹ́lẹ̀. Tí a bá lọ òkúta ẹnì kan tán, a ó ṣan ẹ̀rọ, a ó da omi ẹ̀ mọ́ tiẹ̀. Wẹ́lídà ní ká jáwọ́. Ó ní omi yẹn ló ń sọ ìyẹ̀fun di ẹrẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí òkúta ẹni tó kàn fi ń pẹ́, ká máa lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, kí àpò máa tẹ̀ lé àpò láì dá ẹ̀rọ dúró. Àwọn oníbàárà kọ́kọ́ ń kùn. Èmi ni mo fi ẹ̀rín pa wọ́n lẹ́nu mọ́, mo ní òkúta kì í ṣe ata. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá ni wúrà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà o, díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹnì kan á gbé irú òkúta tó máa ń gbé wá, á wo ohun tó jáde, á wo ojú mi, á tún wo ohun tó jáde. Màmá Dámọ́lá ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Àwọn ni oníbàárà wa tó tóbi jù, àwọn ọmọ wọn méjì ló ń wa kòtò, wọn ò sì lójú èèyàn níbi ọ̀rọ̀ òkúta wọn. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wọ́n, ẹni tó ń gba ààwẹ̀ ni wọ́n. Wọn ò bá wa jà. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà láràárọ̀ kí ẹ̀rọ tó dún, wọ́n á na ọwọ́ sí mílì, wọ́n á ní ọwọ́ tó ń mú wúrà àwọn, kí Olúwa jẹ́ kó máa gbọ̀n, kí ọwọ́ náà tú ara ẹ̀ fó lójú gbogbo èèyàn. Gbogbo wa á sì ṣe Àmín. Nígbà yẹn, Àmín tèmi ló máa ń ròkè jù, torí ọkàn mi mọ́. Mo tiẹ̀ máa ń wo ojú ọkọ mi bóyá tiẹ̀ ń jáde dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi ni mo fura sí. Ẹ má pariwo mọ́ mi, ẹ gbọ́ ná. Láti ìgbà tí wúrà ti ń dínkù, gbogbo ọ̀sán Sátidé ló máa ń ní kí n máa lọ sílé, pé òun fẹ́ fi gíríìsì sí ẹ̀rọ. Á ti géètì mọ́ ara ẹ̀. Ó máa pẹ́ níbẹ̀. Tó bá délé, orúnkún ṣòkòtò ẹ̀ á ti tutù, ọwọ́ ẹ̀ á ti hunjọ bí ọwọ́ ẹni tó fọ aṣọ. Ta ló ń fi gíríìsì sí ẹ̀rọ tí omi máa sọ ọwọ́ ẹ̀ dà bẹ́ẹ̀? Gíríìsì dà? Kí ló dé tí mi ò gbọ́ òórùn ẹ̀ lára ẹ̀? Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, ó ní ṣé èmi ló wá ń kọ́ òun ní iṣẹ́ òun ni. Ọkùnrin tí kì í bínú sí mi! Mo ní ó tán, ó ti ń kó wúrà àwọn oníbàárà pamọ́ síbì kan nínú ẹ̀rọ yẹn, Sátidé ló ń lọ kó o. Mo tiẹ̀ ti rí obìnrin tó ń kó o lọ fún lójú inú mi, mo ti bá a wá ilé tó dáa sí Moniya, mo ti wọ̀ ọ́ láṣọ. Ọ̀rọ̀ ọlọ́kọ ni, àwọn tó ti wà níbẹ̀ rí á mọ̀.

Ni mo bá ṣe ohun tí mo ṣe. Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, mo ní inú ń run mí, mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Onítẹ̀bọmi ni wá, ọkọ mi wà lára àwọn tó ń darí Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, kò lè jókòó tì mí. Bó ṣe lọ ni mo mú sípánà, ó di mílì, mo ṣí géètì, mo bọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù. Nọ́ọ̀tì àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn le bí òkúta, wọ́n ti dípẹtà, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan tiẹ̀ já mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà tí irin àkọ́kọ́ ṣí, ìyẹ̀fun dúdú kan ló dì sẹ́yìn ẹ̀, ó wúwo lọ́wọ́ mi ju bó ṣe yẹ kí ìyẹ̀fun wúwo lọ. Mo bu ú sínú abọ́, mo fi omi sí i, mo ń mì ín bí mo ṣe máa ń mi tàwọn oníbàárà... Ha! Wúrà ló ń ṣẹ́jú sí mi. Mo ṣí èkejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo ṣí gbogbo wọn, mo ha ẹ̀yìn wọn mọ́ tónítóní. Tí mo fi fọ̀ ọ́ tán, ó ti gba ìdajì agolo ìpara kékeré kan tí mo rí nínú báàgì mi. Mo so irin padà, mo wá nọ́ọ̀tì mìíràn fi rọ́pò èyí tó já, orí ẹ̀ ò bá tàwọn yòókù dọ́gba. Mo gbé agolo délé, mo rì í mọ́ ìsàlẹ̀ ike gàrí, torí ọkọ mi ò mọ ibi tí ike gàrí wà. Èrò mi ni pé n ó jẹ́ kó ṣí i ní Sátidé kó bá òfo, n ó wá gbé agolo yẹn síwájú ẹ̀, kí n wo irọ́ tó máa pa.

Ìgbà tí mo jókòó ni orí mi wá walẹ̀. Nọ́ọ̀tì ti dípẹtà. Tó bá jẹ́ pé ọkọ mi ń tú u ní gbogbo Sátidé, ṣé ó máa dípẹtà bẹ́ẹ̀? Tó bá ń kó wúrà ibẹ̀, ṣé ó máa kó jọ tó bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ibẹ̀ rí láti ọjọ́ tí Wẹ́lídà ti dè é. Kò sí olè kankan. Àárín irin sí irin ni wúrà ń bọ́ sí, ó wúwo, ó ń wá ibi tí á sùn sí, a ò sì ṣan ẹ̀rọ mọ́ kí omi lé e jáde. Èmi tí wọ́n bí sídìí ẹ̀rọ ata, èmi ni mo ní òkúta kì í ṣe ata. Màmá Dámọ́lá tí wọn ò lè fi omi ata sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láyé, wọ́n ń gbé àpò òfìfo lọ sílé, wúrà wọn ń bẹ lẹ́yìn. Ẹnu yà mí, ojú sì tì mí gan-an.

Mo fẹ́ sọ fún ọkọ mi. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ti yà ra oògùn inú rírun fún mi lọ́nà, ó ní ṣé ó ti lọ sílẹ̀. Mo ní n ó sọ ọ́ tó bá jẹun tán. Ó jẹun tán. Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́la. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí mi ò ní sọ pé mo pè é lólè, pé mo purọ́ inú rírun, pé mo lọ tú ẹ̀rọ ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀? Bí mo ṣe ń rò ó ni Sátidé dé, ó tún ní kí n máa lọ sílé. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò lọ. Mo gba ẹ̀yìn oko ẹ̀gẹ́ wa yọ lọ́sàn-án gangan, mo yọjú wò ó láàárín pákó ọgbà. Ó ti kúnlẹ̀ sídìí òkìtì iyanrìn tí mo ti fọ̀ dà nù. Ó ń bù ú sínú abọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń wò ó, ó ń mi orí. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì mi, ó ń ya irun ẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ó lọ síbi tí mo máa ń fi aṣọ iṣẹ́ mi kọ́, ó ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀, ó yọ àpò náà síta, ó gbọ̀n ọ́n sọ́wọ́ ara ẹ̀.

Èmi ló fura sí! Gbogbo Sátidé tí mo ń ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn, èmi náà ló ń wá. Èmi tí mo bá a ra dúrọ́ọ̀mù yẹn nígbà tó jẹ́ pé àlàpà ni gbogbo ibẹ̀! Mo sunkún délé. Mo ní níwọ̀n ìgbà tó ti pè mí lólè nínú ọkàn ẹ̀, mi ò ní sọ nǹkan kan, jẹ́ kó máa wá a lọ. Ẹ má sọ fún mi pé èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí i. Mo mọ̀. Ó dùn mí bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ọ̀rọ̀ wá yíwọ́ ní Mọ́ńdè yìí. Àwọn oníbàárà dé, ariwo sọ, wọ́n ní Wẹ́lídà ló fi nǹkan sínú ẹ̀rọ tó ń gbé wúrà àwọn mì, pé àwọn máa lọ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní Adégbayì. Àwọn ọmọ Màmá Dámọ́lá ti gbé igi. Ọkọ mi fi fóònù pè é, ọkùnrin náà sì gun ọ̀kadà wá lójú ẹsẹ̀, kò sá. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn, ó fi irin lu dúrọ́ọ̀mù káàkiri, ó bi wá bóyá a ṣì ń ṣan án rárá, a ní rárá. Ó káwọ́ lé orí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Dámọ́lá lójú gbogbo èèyàn, ó ní òun ni òun jẹ̀bi, pé òun ro bí òkúta ṣe máa yá lọ̀, òun ò ro ibi tí wúrà máa sá sí, pé gbogbo ẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn irin tí òun dè yẹn láìku bín-ín-tín. Ó ní kí gbogbo wọn wá ní Sátidé, òun máa kó irinṣẹ́ wá, òun máa tú u lójú wọn, kí wọ́n pín in. Ó ní bí wọn ò bá bá a níbẹ̀, kí wọ́n ṣe òun bó ṣe wù wọ́n. Ẹ̀yin èèyàn, ó fi ẹnu ara ẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀! Ó búra! Èmi dúró síbẹ̀, abọ́ já bọ́ lọ́wọ́ mi. Màmá Dámọ́lá wo abọ́, wọ́n wá wo ọwọ́ mi.

Èyí tó wá pa mí jù ni ọkọ mi. Láti Mọ́ńdè yẹn ló ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ń bá mi gbé omi. Alẹ́ àná ó jókòó tì mí, ó ní nǹkan kan wà tí òun máa bẹ̀ mí lé lórí, nǹkan burúkú kan tí òun rò nípa ẹni tí kò yẹ, ṣùgbọ́n kí n jẹ́ kó di Sátidé kí òun fi ojú òun rí wúrà yẹn ná, kí ọkàn òun balẹ̀. Mi ò lè gbé ojú mi sókè. Torí tí wọ́n bá tú u ní Sátidé tí wọn ò rí ju bín-ín-tín lẹ́yìn ẹ̀, tí Wẹ́lídà rí nọ́ọ̀tì tí orí ẹ̀ yàtọ̀ yẹn, tó ní ẹnì kan ti tú u... ojú ta ni ọkọ mi máa kọ́kọ́ wò?

Ní báyìí, lónìí Ọjọ́bọ̀, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ dá a padà sẹ́yìn irin? Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ọkọ mi ò kúrò nídìí ẹ̀ àfi tó bá wá jẹun, wúrà tó ti wà nínú ẹrẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ti mọ́ fónífóní, ta ni kò ní mọ̀? Ṣé kí n sọ fún ọkọ mi lónìí? Ṣé ó máa gbà pé inú ẹ̀rọ ni mo ti rí i, àbí ó máa ní àpò aṣọ iṣẹ́ mi tí òun ń tú yẹn ló ti jáde wá? Àbí kí n gbé agolo náà síwájú Màmá Dámọ́lá kí n ṣàlàyé bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí? Ẹ̀yin gan-an tí ẹ kà á dé ibí, ṣé ẹ gbà mí gbọ́? Bẹ́ẹ̀ mi ò bù nínú ẹ̀ o, mo fi Ọlọ́run búra, bó ṣe wà ló wà. Tí mo bá sì dákẹ́, Wẹ́lídà ló máa jìyà ẹ̀, ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ lórí ohun tó jẹ́ òótọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀rín ránṣẹ́ nínú comment, ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn, ẹ sì tètè ṣe é. Láàárọ̀ yìí ó ní òun fẹ́ mu gàrí, mo sáré lọ bu ú fún un, ó ní ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bu gàrí fún òun. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ṣé wọn kì í tọ́jú ọkọ ni. Ó ti jẹun ọ̀sán báyìí, kò yó. Bí mo ṣe ń tẹ èyí lọ́wọ́ nínú yàrá, ó ti wà ní ìdáná, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ike kan tẹ̀ lé òmíràn, ó ń pè mí, ó ní ibo ni mo gbé gàrí sí.